Ohun tí mo rí kọ́ nídìí wíwá owó ìjọba fún àtúnlò omi aró l'Abẹ́òkúta

Kò sí àpò owó kan lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ "àtúnlò omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́" sí lára. Èyí ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí bí a ṣe rí owó tí a fi kọ́ ibi tí àwọn aládìrẹ àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta ti ń sẹ́ omi aró wọn, tí wọ́n sì ń tún un lò. Owó wà, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é: owó ìwádìí fún yunifásítì, ẹ̀yáwó fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́, owó ogbara àti àyíká tó bàjẹ́, owó àbójútó odò. Ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń pe ìṣòro rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìṣòro náà fúnra rẹ̀ dáadáa, kí orúkọ àwọn ọ́fíìsì má baà gbé e sọnù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ti orí omi yẹn bẹ̀rẹ̀.

Púpọ̀ nínú kàǹpálà tí ẹ ń rà ní Ìtòkú, kì í ṣe èlú ni wọ́n fi pa á láró mọ́. Aró òyìnbó ni, irú èyí tí kì í yọ́ nínú omi lásán. Kọ́sítíìkì sódà àti hydros ni wọ́n ń pò mọ́ ọn nínú omi gbígbóná kó tó yọ́, kó tó lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá gbé aṣọ jáde nínú ìkòkò, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, àwọ̀ gidi á yọ, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ títí. Ohun tó bá kù sínú ìkòkò, àti gbogbo omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ náà ní àṣantúnṣan, ojú gọ́tà ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. Kọ́sítíìkì inú rẹ̀ tó láti bó awọ ọwọ́. Òfin ilẹ̀ wa ní kí omi tó ń jáde láti iléeṣẹ́ wà láàrin 6 sí 9 lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tó ń fi hàn bí áásìdì tàbí kọ́sítíìkì inú omi ṣe le tó; omi ìdí ìkòkò aró máa ń kọjá 11.

Gọ́tà ìlú wa, odò Ògùn ló ń wọ̀. Odò Ògùn yìí kan náà ni Èkó ń mu. Òun ló ń bọ́ ibi ìpèsè omi Ìjú, tí ìjọba àwọn òyìnbó ṣí ní 1910, òun náà ló sì ń bọ́ ti Àdìyàn, tí wọ́n ṣí ní 1991, tí wọ́n kọ́ ọ láti lè máa pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́. Mi ò sọ pé omi aró nìkan ló ń ba odò náà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti ibi ìpẹran ń wọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ilé ń wọ̀ ọ́, omi iléeṣẹ́ ńláńlá náà ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ti aró ni iṣẹ́ tí mo kọ́ lè ràn lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣe é sì jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi.

Ohun àkọ́kọ́ tó dí wa lọ́nà kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ìjọba pé òun ń wá owó tí òun yóò fi tún omi ìdọ̀tí òun ṣe, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé omi òun dọ̀tí. Ìyálájé ẹgbẹ́ àwọn aládìrẹ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde ní ìpàdé. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà ọ̀fun wa lo fẹ́ lọ fi han ìjọba yìí o. Bí wọ́n bá wá ti ibí pa ńkọ́?" Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù aláìmọ̀kan. Òfin tó dá NESREA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé wọ́n ń pa òfin àyíká mọ́, ti wà láti 2007. Nígbà tó di 2009, wọ́n ṣe ìlànà kan tó jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe aṣọ, awọ àti bàtà. Àwọn aláṣẹ àyíká lágbára láti fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá ń ṣe é bó ṣe wù ú. Bí wọ́n bá sì ti ilé ìparó pa ní oṣù kọkànlá, nígbà tí aṣọ ẹbí ń rọ́ wọlé, ọmọ kan kò ní padà sílé ìwé ní oṣù kìíní nìyẹn.

Mo sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí à ń bẹ̀rù." Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Kí a tó fi ìwé kankan ránṣẹ́ síbi tí owó wà, a lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláyẹ̀wò àyíká pẹ̀lú àwòrán ohun tí a fẹ́ kọ́ àti iye àkókò tí a rò pé yóò gbà. A kò lọ tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a béèrè ni pé kí wọ́n wá wo ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn mọ̀ sí ètò náà. Wọ́n wá. Obìnrin kan nínú wọn tẹ ọwọ́ bọ omi ìṣanṣọ, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè tó dára. Lẹ́tà tí wọ́n kọ yẹn ló tẹ̀ lé gbogbo ìwé tí a kọ lẹ́yìn náà. Gbogbo ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa ló kọ́kọ́ ń ṣí i. Ó sọ ìwé wa di ti ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe, kò jẹ́ kó dà bíi ti arúfin tó ń sá.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọn omi. Mo fẹ́ dúró lórí eléyìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àbá tí mo ti bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kà ti máa ń rọ. Wọ́n á kọ ọ́ pé omi ìdọ̀tí "pọ̀ gan-an", pé ó ń "ṣàkóbá fún àyíká lọ́nà tó burú jáì". Ìjọba kò lè sanwó fún "gan-an". Mélòó ni lójúmọ́? Nígbà òjò ńkọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Kí ló wà nínú lítà kan? Ẹni tí kò bá lè dáhùn èyí kò lè sọ bí tánkì yóò ṣe tóbi tó, ẹni tí kò bá sì mọ bí tánkì yóò ṣe tóbi tó, iye owó tó kọ sísàlẹ̀ ìwé, àfọ̀ṣẹ ni.

A kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Ohun tí a ní ni kégi 25 lítà àti dúrọ́ọ̀mù 200 lítà tó wà ní gbogbo abà ìparó. Ọmọ ìyá kan tó ń lọ sí Póòlì mú ìwé àjákọ, ó fa ìlà sí i, ó sì pín in fún abà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọn omi sínú ìkòkò, wọ́n á fa igi kan sí ojú ewé kan; bí wọ́n bá pọn ti ìṣanṣọ, wọ́n á fa á sí ojú ewé kejì. Àwọn ìyá tí kò kàwé ń fa igi tiwọn bíi ti àwọn yòókù. A ṣe é nígbà òjò, a tún ṣe é nígbà ọyẹ́, nígbà tí kànga bá gbẹ tí wọ́n ń ra omi tánkà.

Ìwé yẹn fi ohun kan hàn wá tí mi ò lè rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ mi. Omi ìkòkò kéré, ó sì le. Omi ìṣanṣọ ló pọ̀, ó sì fúyẹ́ púpọ̀ ju ti ìkòkò lọ. Tẹ́lẹ̀, méjèèjì ń pàdé nínú gọ́tà kan náà, gbogbo rẹ̀ á wá di omi líle tó pọ̀, èyí tó nira jù láti tún ṣe. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀ láti orísun, ibi tí a máa fi kẹ́míkà tún ṣe á kéré, ti ìṣanṣọ á sì lè gba inú yanrìn àti èédú kọjá pẹ̀lú ìnáwó díẹ̀. Láti orí ìyàsọ́tọ̀ yìí ni iye owó tí a béèrè ti wálẹ̀ gidigidi. Mo gbàgbọ́ pé òun ló jẹ́ kí wọ́n ka ìwé wa dé òpin.

Àyẹ̀wò lábù tún wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbé omi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Omi òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po aró, ti ọ̀sán, àti ti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n ń da ìdí ìkòkò nù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ ní kí lábù kọ pH, àwọ̀, iyọ̀ tó yọ́ sínú omi, àti COD, èyí tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí ìdọ̀tí náà lè gbà mọ́ ẹja lọ́wọ́ nínú odò. Ẹ gba ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

Ó wá ku ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn.

Ọ̀kan ni owó ìwádìí. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí òfin 2011 gbé dúró, owó orí lára èrè àwọn iléeṣẹ́ ló ń ná, ó sì ní àpò ìwádìí kan tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lè kọ̀wé sí. Aládìrẹ kò lè kọ ọ́. Ẹńjíníà tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ kò lè kọ ọ́. Olùkọ́ ló ni ín, ìwé àbá kékeré ló sì ń ṣáájú ńlá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: olùkọ́ ní orúkọ àti lábù, àwa ní omi gidi àti ìwé ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹnì kankan kò tíì ní. Ṣùgbọ́n owó ìwádìí, ìwádìí ni wọ́n fi ń ra. Ó lè ra àyẹ̀wò, ó lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Kò ní bo òrùlé, kò ní fa páìpù yí àdúgbò ká. Bí ẹ bá sì wọ̀ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó dé, ta ló ni tánkì àti pọ́ǹpù lẹ́yìn tí ìwádìí bá parí. Ẹ má fi sí orí ìfẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé.

Èkejì ni ẹ̀yáwó. Báńkì Ilé-iṣẹ́, ìyẹn BOI, tó jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1964 kó tó di BOI ní 2001, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti iléeṣẹ́ ń gbà kọjá. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2023, ó kéde bílíọ̀nù 75 náírà fún àwọn iléeṣẹ́ 75, èlé rẹ̀ jẹ́ 9% lọ́dún. Ẹ fi èyí wé báńkì ojú títì, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024. Owó 9% dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, a ó san án padà.

Òṣìṣẹ́ báńkì kan tó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ bi wá ní ìbéèrè tí mi ò tíì gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ á rán aṣọ, ẹ ó tà á. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yìí, kí ni ẹ ó máa tà nínú rẹ̀?" A bá a ṣírò omi tánkà tí a kò ní rà mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó yẹn kò tó èlé, ká má tíì sọ ti ojú owó. Omi kò wọ́n tó ní ìlú wa kí fífi í pamọ́ tó lè sanwó ẹ̀rọ tó ń tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìṣirò yẹn á jọ lórí omi nìkan, ní Abẹ́òkúta o, ẹ ní kó wá ṣe é níwájú yín.

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà fún mi. Ta ló ń jẹ èrè omi tó mọ́? Kì í ṣe aládìrẹ. Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò ni: apẹja, àgbẹ̀ tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ létí Ògùn, Èkó tó ń ra álọ́ọ̀mù àti kílórínì kó tó lè mu ún. Bí èrè bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kò bójú mu kí a ní kí ìyá kan tó ń ta kàǹpálà ní ọ̀pá lọ fi ilé rẹ̀ dógò nítorí rẹ̀. Ìdí tí owó ìjọba fi gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nìyí, ohun tí a sì kọ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé wa nìyẹn, kí a tó dárúkọ páìpù kankan.

A kò ṣàdédé sọ ọ́. Ní Tirupur, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà tó jẹ́ pé aṣọ ni iṣẹ́ wọn, omi aró ba odò Noyyal jẹ́ débi pé àwọn àgbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní 2011, ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ kí wọ́n ti àwọn ilé ìparó náà pa. Ìyà jẹ òṣìṣẹ́ lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà wá yá àwọn ibi ìsẹ́mi tí àwọn ilé ìparó jọ ń lò lówó tí kò ní èlé, kí wọ́n lè dá omi padà sínú iṣẹ́ dípò odò. A fi èyí han ìgbìmọ̀, a sì bi wọ́n bóyá ó yẹ kí tiwa dúró de ilé ẹjọ́ kí owó tó jáde.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ti odò àti àyíká. Owó tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund ti wà láti 1981. Ogbara, àgbàrá àti aṣálẹ̀ ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ àpapọ̀ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun náà wà ní ìlú wa níbí, agbègbè rẹ̀ sì kan ìpínlẹ̀ Ògùn, Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Ó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ìpínlẹ̀ tí ìdọ̀tí ti ń jáde kọ́ ló ń san owó sísẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní Òkè Mọ́sàn, ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ní gbọ́ igbe ẹni tó ń mu omi ní Ìkẹjà. Ó gba ẹni tí odò látòkè délẹ̀ wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

Ti ìwé ẹgbẹ́, màá sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ti ń gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ sì ń béèrè ìwé CAC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, àti ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Ẹ má dúró kí fọ́ọ̀mù jáde kí ẹ tó máa wá a. Ẹ ní méjèèjì nílẹ̀, kí orúkọ tó wà lórí wọn àti orúkọ tó wà ní báńkì jẹ́ ọ̀kan náà, àmì orí lẹ́tà pàápàá.

Nígbà tí ọ́fíìsì kan wá gbà láti ṣe ìpele àkọ́kọ́ fún wa, owó kò wọ àpò wa. Wọ́n ní kọngílá ni yóò kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbéṣẹ́fúnni ti 2007 ti là á sílẹ̀. Mi ò bínú sí èyí. Ṣùgbọ́n àwòrán tí kọngílá àkọ́kọ́ gbé wá kì í ṣe tiwa. Ẹ̀rọ dídán kan ni, tó ń ti omi gba inú awọ tín-ínrín kọjá pẹ̀lú iná mànàmáná. Ẹ̀rọ tó dára ni níbi tí iná kì í lọ, tí wọ́n sì ń ta awọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Níbí, oṣù díẹ̀ ni yóò fi di ilé alángbá. Ohun tó gbà wá ni pé àwòrán tiwa àti ìwé iye ohun èlò ti wà nínú ìwé àbá láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan tó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ kí wọ́n tó san ìdá kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ ọ́ kúrò.

Àwòrán tiwa, orí òkè ló dúró lé. Abẹ́òkúta kò tẹ́jú, a sì lo èyí. Omi tó ti orí abà wálẹ̀ ń gba orí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì, ó ń já láti orí ọ̀kan sí èkejì. Àwọn ìyá ló jẹ́ kí n rí i pé yóò ṣiṣẹ́. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé aró tó yọ́ sínú omi gbọ́dọ̀ padà di ìyẹ̀fun kó tó lè rọ̀ sílẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan sì ní, "Ṣé bí aṣọ ṣe máa ń ṣe náà ni? Tó bá jáde nínú ìkòkò, atẹ́gùn ló ń gbé àwọ̀ rẹ̀ wá." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Afẹ́fẹ́ tí omi ń gbà bó ṣe ń já bọ́ ń sọ aró di ohun tí kì í yọ́ mọ́. A ó wá fi áásìdì díẹ̀ pa kọ́sítíìkì rẹ̀, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i, omi á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yanrìn, lẹ́yìn náà ni èédú tí a fi èèpo èkùrọ́ ṣe. Pọ́ǹpù kan péré ló wà níbẹ̀, tó ń gbé omi tó ti mọ́ padà sókè. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́, láti 68 náírà dé 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2024, ibi iṣẹ́ wa kò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náírà náà kàn wá. Iye tí a kọ sínú ìwé kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà 2023 kò ra ìdajì ohun kan náà nígbà tí dọ́là kan kọjá 1,500 náírà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó dáàbò bo iṣẹ́ náà ni pé símẹ́ńtì, yanrìn, èédú àti ọwọ́ bíríkìlà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti wá fi ṣe òfin fún ara mi: ohun tó bá gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá nínú ìwé àbá tí mo bá kọ gbọ́dọ̀ kéré, kí a sì lè kọ́kọ́ rà á.

Ìbéèrè tó le jù, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun nínú ìgbìmọ̀ ló bi wá. Kò béèrè nípa pH. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ìjọba á kọ́ ọ. Ta ni yóò máa ra álọ́ọ̀mù?" Gbogbo ilé dákẹ́. Gbogbo wa ló mọ ohun tó ń sọ. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n fi téèpù rírẹ̀dòdò ṣí, tí kò fa omi mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, kò sí àdúgbò tí kò ní tiẹ̀. Owó tó ń kọ́ nǹkan kì í ṣe owó tó ń mú un rìn, ìjọba sì fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́ púpọ̀ ju èkejì lọ.

A ní èsì, nítorí Ìyálájé ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ́ kí bàbá yẹn tó béèrè. Òun ló ní kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé kaná. Owó tó kéré ni, iye tí kò ní yọ aṣọ kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì ń wọ àpò kan tó yàtọ̀ sí ti àjọ. Kò dúró de ibi ìsẹ́mi kí wọ́n kọ́ ọ tán. Wọ́n ń san án nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ koríko. Nígbà tí bàbá yẹn béèrè, Ìyálájé fúnra rẹ̀ ló tú ìwé báńkì jáde nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá. Àwa ni." Mo ti rí ọ̀pọ̀ ojú ewé àwòrán àti ìṣirò tí mo kọ tí wọ́n kàn ṣí kọjá. Ìwé báńkì yẹn, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹni tó bá ń múra láti wá owó irú èyí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó kó àwọn tó ni omi jọ, kí wọ́n máa dá owó ìtọ́jú rẹ̀ kí ó tó wà rárá. Bí wọn kò bá lè dá a nísinsin yìí, wọn kò ní lè dá a nígbà náà.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù. Gbogbo aró tó kúrò nínú omi, ìsàlẹ̀ tánkì ló lọ, kì í ṣe ọ̀run. Bí a bá kó o sí ààtàn, òjò á gbé e padà sínú odò, gbogbo làálàá náà á sì já sí asán. Aláyẹ̀wò tó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ti béèrè èyí. Orí ibi títẹ́ kan tó ní símẹ́ńtì nísàlẹ̀ àti òrùlé lókè ni a ti ń sá a. Bó bá gbẹ, ó máa ń kéré gan-an. Inú àpò ni a ń kó o sí títí tí wọ́n á fi gbé e lọ síbi tí ìjọba gbà láyè. Owó gbígbé rẹ̀ wà nínú owó ìkòkò. Ìwé àbá tí kò bá sọ ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń lọ, kò tíì parí.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí nìyí. Ìpele àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Omi tí a tún ṣe ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ ní ìṣan àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò àti ilẹ̀, òun ni wọ́n sì ń lò fún àwọn àwọ̀ dúdú. Fún funfun àti àwọn àwọ̀ tó fúyẹ́, omi tuntun ni wọ́n ṣì ń pọn. Owó ìpele kejì kò tíì jáde, a sì ń lọ béèrè rẹ̀. Ìṣòro tó wà níwájú wa ni iyọ̀: áásìdì àti kọ́sítíìkì bá pàdé, iyọ̀ ni wọ́n ń dì, hydros náà ń fi tiẹ̀ kún un, álọ́ọ̀mù kì í sì í yọ ọ́. Bí omi náà ṣe ń yípo ni iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀, nítorí náà a ní láti máa tú díẹ̀ dànù, ká sì fi omi tuntun dípò. Ìwé àbá tuntun tí à ń kọ lọ́wọ́, orí bí a ṣe lè dín iyọ̀ yẹn kù ló dá lé, a sì ti tún ń pín ìwé onílà fún abà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa kọ iye kọ́sítíìkì tí wọ́n ń lò sí i.

Bí ẹgbẹ́ aláró kan ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn tàbí níbikíbi bá fẹ́ rí àwòrán àtẹ̀gùn wa, ìwé iye ohun èlò, àti bí a ṣe ṣètò owó ìkòkò, kí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ Ìyálájé ẹgbẹ́ wa. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.